Sí Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Aago mẹ́ta òru. Ìgbì ń gbá àpáta létí bí ẹni ń bínú.
Tábìlì ilé ìdáná, iná kan, tíì tí mo pò tí n kò mu,
àti bébà funfun tí kò fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi.

"Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn." Mo kọ ọ́ tán, mo dúró.
Ta gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn?
Dóríìnì ni yóò ya lẹ́tà náà,
Dóríìnì tí a jọ dúró nídìí tábìlì ẹja fọ́dún méjìlá,
ọ̀bẹ lọ́wọ́, omi yìnyín nínú bàtà,
títí ẹja kọ́ọ̀dù fi tán lómi Niufandílándì,
tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, tí kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀.
Òun ló ń gba èèyàn síṣẹ́ nílé àwọn arúgbó báyìí.
Ó ní, "Filomína, kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́.
Òfin ni. Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé o mọ̀ mí."

Ni mo bá ń fi ara mi han
ẹni tó di àtàǹpàkò mi mú lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ là á.

"Mo fi tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ béèrè fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́."
Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀? Mo fagi lé e.
"Mo ní ìtara, mo lè dá ṣiṣẹ́, mo lè bá èèyàn ṣiṣẹ́."
Àfi bí ẹni ń polówó ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo fagi lé ìyẹn náà.
Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n
ẹ wo bí ojú ewé kan ṣe ń mú mi làágùn.

Ìwé ẹ̀rí wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí
nígbà tí mo lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí
ní Sẹnti Jọ́ọ̀nù,
tí mò ń pe orúkọ eegun sókè nínú bọ́ọ̀sì,
tí àwọn èrò ń sún fún mi.
Ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi.
Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń dárúkọ atẹ́gùn tó ń fẹ́ níta láì lajú.
Mo ń yí i padà ní wákàtí méjì-méjì.
Mo ń ki ọwọ́ bọ abíyá ara mi kó gbóná
kí n tó fi kàn án.
Níbo ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí?

Ó tún ku ọ̀kan.
Ọdún tí mò ń kọ́ṣẹ́, nínú ilé yẹn kan náà,
mo sọ̀kalẹ̀ lọ po tíì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, bóyá márùn-ún.
Nígbà tí mo gòkè, ìyá Dóríìnì ti lọ,
òun nìkan, ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.
Dóríìnì ò bi mí rí. Èmi náà ò sọ.

Mo kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta péré, láìṣàwáwí:
ibi tí mo wà, ohun tí mo lọ ṣe,
pé láti ìgbà náà n kì í mu tíì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
Mo fọwọ́ sí i kí n má baà tún un kà.

Ọkọ̀ ojú omi aago méje ni yóò gbé e.
Yóò rìn dé Sẹnti Jọ́ọ̀nù lọ gba òǹtẹ̀,
yóò sì tún padà wá
sí ilé kan tí mò ń wò láti fèrèsé mi yìí,
igba ìṣísẹ̀ sí mi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Iná ń tàn ní yàrá kẹta níbẹ̀. Ẹnìkan ò rí oorun sùn.

Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa kí n tó rántí
pé n kò kọ nọ́ńbà fóònù mi.
Ṣé Dóríìnì ò mọ̀ ọ́n ni?