Ìpàdé Aago Mẹ́sàn-án ní Aberdaron

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, òjò ti ń ta lórí òrùlé wa
bí ìka ọmọdé lórí abọ́ páànù.
Èmi nìkan ni mo jí.
Ìbídùn sùn, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn fíríìjì,
Ìmísí àti Fìyìn wé mọ́ra lókè bí aṣọ tí a kò tíì ká.
Bí mo bá yí ìhà padà, gbogbo ilé á bá mi yí:
ife á dún, kọ́kọ́rọ́ á dún,
bàtà òjò ẹsẹ̀ mẹ́jọ á wó lu ara wọn.

Lánàá, ní etíkun nísàlẹ̀ níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já
láàárín ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi.
Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò pa á dé.
Mo jókòó ti ẹnu náà fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá,
n kò mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni
àbí ó ń lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin tí ń ta búrẹ́dì lábúlé ló júwe fún mi.
Ó ní, “Gòkè lọ sí itẹ́ òkú. Ibẹ̀ ló ti máa ń wọlé.”
Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún,
mo ti wà lórí ògiri òkúta ṣọ́ọ̀ṣì,
kọ̀ǹpútà lórí itan,
agbòòrùn Ìbídùn ń bá afẹ́fẹ́ du ọwọ́ mi.
Ọ̀pá mẹ́ta! Mẹ́rin!
Ẹ̀yin ará ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.
Mo ń ka orúkọ yín lára òkúta, n kò lè pe ìdajì wọn.
Ẹ̀yin náà kò lè pe tèmi.
Ọ̀mì ni.

Ọ̀gá pe orúkọ mi bí ẹni ń jẹ iṣu gbígbóná:
“Akínbámi, ṣé àgùntàn ni mo ń gbọ́ yẹn?”
Mo ní àgùntàn ni, sà.
Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín,
mo wá ka ìnáwó oṣù kẹfà fún wọn,
owó bébà, owó iná, owó àwọn tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì,
ọ́fíìsì tí n kò tẹ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde.

Láti òkè yìí, ọkọ̀ wa kéré bí hóró ṣúgà.
Ilẹ̀kùn ṣí. Ìbídùn ń sá pátá sórí dígí awakọ̀.
Fìyìn ń lé ẹyẹ òkun tó gbé búrẹ́dì rẹ̀.
Iye owó wà lójú kọ̀ǹpútà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i.

Màmá mi a máa pè láti Ìkirè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi:
“Ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ sùn sí? Ṣé ẹ kí i?”
Mo sọ fún un pé ìsinmi la wá lò.
N kò sọ pé onílé ní Luton fi ìdajì kún owó ilé
láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú lẹ́tà tí kò tó ìlà mẹ́ta,
pé a ta àga, a ta bẹ́ẹ̀dì,
a ra ohun tí a lè máa gbé sá.

Ìpàdé parí. Ìmísí ń gun òkè bọ̀
pẹ̀lú tíì nínú fíláàsì, ìdajì rẹ̀ ti dà sí i lápá.
“Dádì, ṣé ibí ni ọ́fíìsì yín lónìí?”
Ibí ni.
“Àwọn wo nìwọ̀nyí?”
Mo wo àwọn òkúta, òjò ń ṣàn lójú wọn.
Mo ní, ará ibi iṣẹ́ mi ni.

Ó gbé fíláàsì kalẹ̀,
ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù:
“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú iṣẹ́, sà.”