Ìwòpin, Aago Méjì Òru

Ọ̀sà kì í sinmi lọ́sàn-án.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń han, ọmọdé ń bẹ́ sómi ní èbúté.
Òru nìkan ni omi ń pa ẹnu mọ́ díẹ̀,
ìdí nìyí tí a kò fi sùn.
Kúyọ̀rọ̀ so ọkọ̀ mọ́ òpó mẹ́rin,
ó ní kí n rọra máa tẹ pákó.
Mo yọ iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá jáde nínú àpò,
kò ju ìgò ọtí kan lọ.
“Kí rè?” ló bi mí, bó ṣe ń bi mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ní, amọ̀ ni.
Amọ̀ tí wọ́n sun títí ó fi le ju àwo lọ.
Rán iná sí i, á gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ á di ohùn.
Jẹ́ kí ohùn kàn án lára, á dá iná padà fún ọ.
Ẹnu ni. Òun náà ni etí.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní alága àwọn apẹja ìlú yìí
ní ẹnu dáadáa,
ibi etí ló kù sí.

N kò sọ ti àkọ́kọ́ fún un.
Ní ṣọ́ọ̀bù Ṣówẹ̀mímọ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde,
a sọ ọ́ sínú páìpù irin àlòkù, a rọ omi kún un,
a fi irin tó nípọn bí Bíbélì dé e lórí, dé e nídìí,
a wá ń tẹ pọ́ǹpù.
Ọwọ́ gééjì ń gòkè: ọgọ́rùn-ún. Igba.
Ọ̀ọ́dúnrún ni à ń wá,
ẹrù òkun tó jìn ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún mítà.
Kò dé ibẹ̀.
A gbọ́ pá,
kékeré, bí ẹni fi eyín fọ́ ẹ̀kùrọ́.
Afẹ́fẹ́ tí kò tó ẹyin eèrà
ló fara pamọ́ sínú gọ́ọ̀mù.
Òkun kì í gbójú fo àlàfo.
Mo jókòó sórí sìlíńdà òfìfo.
Ṣówẹ̀mímọ́ ní kí n lọ jẹun.

Ebirípò ni mo jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n.
Ìyá mi, ọmọ Ìṣarà, kì í dì í wàràwàrà;
á tẹ́ ewé, á bù ú sí i,
á fún un títí atẹ́gùn á fi wá ọ̀nà àbáyọ.
Mo padà, mo fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú gọ́ọ̀mù fún wákàtí kan.
Ó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.
Mo fi òróró kún inú amọ̀ kejì:
bí òkun bá tì í níta,
òróró á ti òkun padà láti inú.

Èyí ló wà lómi báyìí.
Ohùn kan ni mo rán, mẹ́ta ló ń dé:
èyí tó gba ọ̀nà tààrà,
èyí tó kọ lu ẹrẹ̀, èyí tó kọ lu ojú omi.
Mo gbọ́dọ̀ já ti àkọ́kọ́ gbà
kí àwọn ẹlẹ́jọ́ méjì yòókù tó dá sí i,
bí ìyàwó tó gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà
kí ará ilé tó kà á.
Mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ó yẹ kó ké ju báyìí lọ.
Díẹ̀ ló kù,
n kò sì mọ ibi tí díẹ̀ náà wọlé sí.

Mo bọ ohun ìgbọ́ràn fún Kúyọ̀rọ̀
kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì tú okùn.
Ó dákẹ́.
“Ọ̀bọ̀kún ni,” ló wí. “Apá ọ̀tún. Méjì ni wọ́n.”
Ó ní bàbá òun a máa ki àjẹ̀ bọmi,
á gbé etí lé ìdí rẹ̀,
á sì dárúkọ ẹja kó tó ju àwọ̀n.
Oṣù mọ́kànlá. Gọ́ọ̀mù, òróró, amọ̀ méjì.
Igi kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́rú, ọkọ̀ ńlá á gbé e lọ
síbi tí òru kì í ṣú nítorí kì í mọ́.
Ojúmọ́ ń là ní Ìwòpin.
Mo nawọ́ kí n gba ohun ìgbọ́ràn mi.
Kúyọ̀rọ̀ gbé ìka kan sókè:
dúró.