Ibi Tí Ọwọ́ Wà

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ní Òṣogbo, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
ẹ̀rọ ń kùn bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.
Bàbá Gbàdàmọ́sí bọ́ dàńṣíkí, ó ká a,
ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí. Mo gbà á.

Mo ní, "Ẹ fi àyà ti pátákó yìí.
Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí,
ẹ ti ìgbọ̀nwọ́ síwájú,
kí eegun èjìká lè kúrò lójú ẹ̀dọ̀fóró."
Ó wẹ̀yìn wò mí.
"Ta ni mo fẹ́ bá jà
tí mo fi máa fọwọ́ lé ìbàdí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.
Ó ní pátákó tutù bí ilẹ̀ mọ́sálásí nígbà ọyẹ́.
A ya ìyẹn.

Ó ku ti ẹ̀gbẹ́.
"Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ òsì sí i. Ẹ káwọ́ lérí."
Ó dákẹ́.
"Ọjọ́ tí wọ́n gbé Lásísì wọlé ni mo káwọ́ lérí.
Mi ò ní í ká a mọ́."

Ìwé tí a kà níléèwé kò dárúkọ Lásísì.
Ó kàn ní: bí apá bá wà níbẹ̀,
òjìji rẹ̀ á bo ohun tí à ń wá.
Mo wo fáìlì. Iṣẹ́: réluwè, ó ti fẹ̀yìn tì.
Mo wọ́ òpó irin tí a fi ń so omi kọ́ sún mọ́ ọn.
"Bàbá, ọkọ̀ ti kúrò ní Ẹdẹ,
èrò kún, kò sí àyè ìjókòó.
Ẹ di irin òkè mú."

Ó pẹ́ kí ó tó ṣe é.
Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì,
ìka wé mọ́ irin bí ìka tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.
"Ẹ fa èémí sínú, gbogbo rẹ̀,
bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fọn fèrè kí ọkọ̀ gbéra.
Ẹ má tíì fọn ọ́n.
Ẹ má tíì..."
Mo tẹ̀ ẹ́.
"Ó yá, ẹ mí."

Ohun tí mo rí, dókítà ni yóò sọ ọ́.
Eegun ìhà tò léra bí igi abẹ́ ojú irin.
Ẹni tó bá wò ó á ní ìdúró rẹ̀ péye,
kò ní mọ ibi tí ọwọ́ wà.

Bàbá ti wọ dàńṣíkí rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí,
ọkọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì ń bọ̀ lóòótọ́?"