Ọ̀rọ̀ Kan Láàárín

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Morwenna Tregenza fi jókòó
sẹ́bàá fèrèsé kan ní Newlyn, létí òkun Kọ́nwọ̀ọ̀lù,
tó ń fi bírò pupa ṣọ́ ìwé ìròyìn àdúgbò.
Iye owó ẹja, ìgbà tí òkun yóò kún, ìkéde òkú,
ajá tó sọnù, kéèkì tó gba ipò kejì:
kò sí èyí tó dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
tí kò kọ́kọ́ gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá.

Òfin kan wà tí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bolitho, fi lé e lọ́wọ́
lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí tíì rẹ̀ tó tutù:
"to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe, tọkọtaya ni wọ́n.
Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kankan ò gbọdọ̀ sùn sáàárín wọn.

Nítorí náà, bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́
pé ìgbìmọ̀ ìlú pinnu "to quickly repair" ògiri èbúté,
bírò á já bọ́ bí ẹyẹ òkun tó rí ìfun ẹja,
á gbé "quickly" lápá, á lọ jù ú sí ìparí gbólóhùn.
Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tún ògiri náà ṣe.
Ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ náà dúró sí, irọ́ ni.

Èmi tí mò ń sọ ọ́, ẹnu tèmi ò mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀.
A ní láti tètè lọ, a ní láti rọra jókòó;
"tètè" wọ àárín, "rọra" wọ àárín,
ilé ò dàrú, ẹnìkan ò pe ẹnìkan lẹ́jọ́.
Ṣùgbọ́n onílé ló mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò.

Kerensa, ọmọdébìnrin tó wá kọ́ṣẹ́, bi í lọ́jọ́ kan:
"Ìyáàfin Tregenza, ta ló sọ ọ́ dòfin?"
Morwenna wo bísíkítì ọwọ́ rẹ̀ títí.
"Ọ̀gbẹ́ni Bolitho ni. Ẹni tó kọ́ òun náà ti kú."
Wọ́n padà sídìí iṣẹ́.

Jory ọkọ rẹ̀, apẹja ni.
Bí ó ṣe ń da ẹja sínú ọkọ̀ ló ṣe ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀,
ibi tó bá bọ́ sí, ibẹ̀ náà ló wà.
Morwenna a máa tún un ṣe fún un nídìí oúnjẹ,
Jory a rẹ́rìn-ín, a tún un sọ bó ṣe sọ ọ́.

Nínú oṣù kejì, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nílé ìwòsàn Truro.
Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ fún obìnrin náà nínú àpò ọ̀rá:
bàtà, aago, ìwé pélébé tó ń sọ ìgbà tí òkun ń kún.
Lẹ́yìn ìwé náà, pẹ́ńsùlù:
"Morwena, I want you to really live."

Kò mọ ìgbà tó ṣí bírò.
Ó gbé "really" lọ síwájú pátápátá, lọ́kàn rẹ̀,
ìfẹ́ Jory ló wá lágbára, ó di ẹ̀bẹ̀,
bí ẹni tó di etí aṣọ rẹ̀ mú pé kó má kú.
Ó gbé e sẹ́yìn "to":
ó dún bí Ọ̀gbẹ́ni Bolitho tó wọ táì lọ wẹ̀ lókun.
Ó sọ ọ́ sí ìparí,
ó di ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ó dá a padà sáàárín.
Níbẹ̀ ló ti wọnú wíwà láàyè lọ
bí iyọ̀ ṣe ń wọnú ẹja, kò ṣeé ṣà jáde.
Kí ó máa mí nìkan kọ́ ni Jory wí.

Òjò ń pa fèrèsé. Tíì tutù.
"N" méjì ló wà nínú orúkọ rẹ̀;
nínú ọdún mẹ́tàlélógójì, ọkùnrin yìí ò kọ ọ́ pé rí.
Ó tẹ̀ síwájú, ó fi bírò pupa
rọra ki "n" kan bọ àárín.
Èyí tó kù, kò fọwọ́ kàn án.