Jẹnẹrétọ̀ Súàrá

Aago mẹ́jọ la kúrò n'Ílọrin,
bọ́ọ̀sì funfun méjì, ọlọ́lá méje,
èmi akọ̀wé, pẹ̀lú fáìlì aláwọ̀ ewé lórí itan.
A gba Àjàṣẹ́ kọjá, a gba Òmù-Àrán,
títí ọ̀dà fi tán lójú títì
tí eruku pupa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn Òkè-Àràbà la ń lọ wò.
Ó wà nínú ìwé: òrùlé tuntun,
bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, kànga ẹlẹ́rọ kan,
jẹnẹrétọ̀ kan, tuntun nínú páálí,
àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù méjìdínlógún náírà
àti kọ́bọ̀ mélòó kan tí ẹnì kan fara balẹ̀ ṣírò
kí irọ́ náà lè jọ òtítọ́.

Ọ̀dà ara ògiri ò tí ì gbẹ.
Alága fẹ̀yìn tì í níbi tó ti ń jẹ́ ìkíni,
agbádá rẹ̀ sì gba òǹtẹ̀:
ìlà búlúù kan, láti èjìká dé ìdí.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Èmi náà ò sọ.

Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé.
Agbaṣẹ́ṣe nawọ́ sí i bí ẹni ń fi ìyàwó hàn.
"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀." A gbọ́.
Ìyá àgbà mi, amọ̀kòkò Òkèlele,
a máa fi ìka ta ìkòkò kó tó gbé e sọ́jà:
èyí tó bá ké roro ló pé,
èyí tó bá sán, ohùn rẹ̀ a fọ́.
Jẹnẹrétọ̀ yìí ké roro.
Ìyá àgbà ò kọ́ mi bí a ti ń gbọ́ ohun àyálò.

Ibẹ̀ la wà tí Súàrá oníbúlọ́ọ̀kù dé,
sìmẹ́ńtì lójú, ọmọlanke lẹ́yìn.
Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ẹ má bínú o,
wọ́n ní àárọ̀ lẹ ó dé, ọ̀sán ti pọ́n,
àwọn tó sanwó búlọ́ọ̀kù ti ń pariwo lọ́hùn-ún,
àdéhùn wa ò sì kọjá aago mọ́kànlá.
Ó tẹ̀ ẹ́ pa.
Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e
ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Adúnọlá kò sunkún, kò rojọ́.
Ó wọlé, ó mú ìwé ọmọ iléèwé kan jáde
tí epo àtùpà ti mu etí rẹ̀,
ó ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò gbójú sókè:
àbẹ́là mẹ́ta, alẹ́ Àlàmísì, owó ara mi.
Omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, àwọn ọmọ ilé-kéwú ló pọn ọ́n.
Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, ọkọ aboyún ló mú un wá.
Ọmọkùnrin, aago méjì òru, iná fóònù la fi gbà á.
Ọmọbìnrin. Fóònù kú.
Ó dúró níbẹ̀.
Kò ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

Alága wúkọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ pé a rí i.

Lọ́nà àbọ̀ wọ́n ń pín iṣu sísun,
ọ̀kan ń ṣàwàdà nípa Súàrá, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀,
ẹ̀rín náà ò rìn jìnnà.
Mo ṣí fáìlì. Mo kọ: Iṣẹ́ náà, a rí i.
Kòtò gbé bọ́ọ̀sì sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀,
bírò mi yẹ̀, àmì orí ọ̀rọ̀ ṣubú sódì:
Iṣẹ́ náà, a rì í.

Mo wò ó títí.
Lọ́jọ́ Àtìní ni wọn ó kà á níwájú Ilé.
Ìpàwérẹ́ wà nínú àpò mi, n ò yọ ọ́.
Níwájú mi Alága ti sùn lọ,
ọ̀dà búlúù ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn.