Ajá Tó Wọ Bàtà

Ní Oulu, láti aago méjì ọ̀sán ni oòrùn ti wọ̀.
Raimo Kettunen ta ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀,
ó fi ra ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí tẹlifíṣọ̀n,
ní àárín ìdíje họ́kì orí yìnyín,
nígbà tí àwọn ará ilé ń sáré lọ tọ̀,
tí àwọn mìíràn ń po kọfí.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!
Ajá funfun kan rìn kọjá nínú yìnyín,
bàtà onírun mẹ́rin lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Orúkọ ilé-iṣẹ́ yọ fìrí,
ó wọlé lọ.

Tuulikki ń wo ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà.
Ìlà náà sùn gbọọrọ bí ejò tó yó.
Lójijì ó nàró ṣánṣán:
ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ti fa fóònù yọ lápò,
wọ́n ń bi ẹ̀rọ ìṣàwárí léèrè.
Kò sẹ́ni tó béèrè Kettunen.
“Ajá tó wọ bàtà,” ni wọ́n ń tẹ̀,
“aja to wo bata,” “ajaa onibàta funfun.”

Ta ló sì ti ra ọ̀rọ̀ yẹn?
Ìsọ̀ kan ní Turku, tí kò ran bàtà rí.
Sẹ́ńtì mẹ́jọ péré ló san.
Raimo lu igbó,
ará Turku gbé ẹran lọ sílé.

“Mo pariwo títí ohùn mi há!”
“Ẹ pariwo, ọ̀gá. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì wá.
Èmi ni mi ò dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

Lóru ọjọ́ náà ó ra “ajá tó wọ bàtà,”
ó ra àṣìkọ rẹ̀ pẹ̀lú,
gbogbo ọ̀nà tí àtàǹpàkò tó tutù lè gbà ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀.
Ó ní kí owó gbéra bí ajá bá ti yọ,
kó padà sùn bí ajá bá lọ.

Ní Sátidé, ajá tún jáde.
Bàtà igba lé mọ́kànlá ló tà kí họ́kì tó padà.
Raimo ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní ọkọ̀ ojú omi yẹn, ó kúkú máa ń jò.

Lọ́gànjọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo wọlé láti Kemi:
“Ṣé ẹsẹ̀ ajá yẹn ò tutù mọ́?”
Kò sí oníṣòwò tó ń du irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.
Tuulikki rà á.
Kò fi bàtà kankan sábẹ́ rẹ̀.
Ó kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé:
“Rárá o. Ara rẹ̀ ti móoru. Ẹ lọ sùn.”