Kókó Inú Igi

Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ wà lórí tábìlì mi,
ojú ewé kẹtàlélógójì, ìlà kejì láti ìsàlẹ̀:
"Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè da àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀ pọ̀
sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, lórí kọ̀ǹpútà."
Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án la ní,
pé mẹ́rin ló ń tàn,
pé ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, àfi kéèyàn gbá a létí kó tó jí.

Èbúté Mẹ́ta la wà, lẹ́yìn Òkò Bàbá,
níbi tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti ń wọ kíláàsì láìkanlẹ̀kùn,
tó ń bà sórí bọ́tìnì, sínú irun, sínú omi mímu.
Ohùn ayùn ni aago wa.

Mo ní kí kálukú mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá:
àwòrán márùn-ún, ohùn ìṣẹ́jú méjì, àti àkọlé.
Ìdíàtù ya ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ó fi orin ọjọ́ ìbí sí i.
Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Mùfútáù ò sọ ohun tó fẹ́ ṣe.
Mùfútáù kì í sábà sọ nǹkan.
Tí mo bá ń pe orúkọ láàárọ̀, ọwọ́ ló ń nà sókè,
torí "Mo wà ńbí, mà" a máa há sí i lẹ́nu
bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Àwọn ọmọ a bá a parí rẹ̀.
Èmi náà, kí Ọlọ́run forí jì mí, mo ti bá a parí rẹ̀ rí.

Ó yá fóònù mi, ó gbé e lọ sídìí ayùn bàbá rẹ̀.
Nígbà tó dé, lórí sọ́fítíwíà tí mo dà kọ
látinú fíláàṣì ọmọ àbúrò mi,
ó rí ohùn ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.
Kì í ṣe pé ó gbọ́ ọ. Ó rí i:
òkè kékeré, òkè kékeré, òkè kékeré,
kí gbólóhùn tó ṣàn lọ gbọọrọ bí ọ̀sà.
"B-b-b-bàbá mi ń la igi."
Ó fi eku fa ìlà yí àwọn òkè náà ká, ó gé wọn.
Ó gé e tọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ ń lọ.
Ó ní kí n wá gbọ́.
Ohùn kan tó já geere, bí ti oníròyìn rédíò:
"Bàbá mi ń la igi. Ìrókò ló le jù."
Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "O káre!"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ fún mi:
"Ta ni bọ̀ọ̀dá yìí?"

Ó wá tẹ bọ́tìnì tó ń dá nǹkan padà.
Òkè kan dé. Òkè kejì dé.
Ó ń dá wọn wálé bí ẹni ń da ewúrẹ́ lálẹ́.
Ó mú ohùn ayùn, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ tirẹ̀:
níbi tí irin ti pàdé kókó inú igi,
tó ń ṣe ká-ká-ká, ká-ká-ká, kó tó là á kọjá,
ibẹ̀ gan-an ló gbé "b-b-b" tirẹ̀ sí.
Àwòrán tó fi bò ó: ọwọ́ bàbá rẹ̀, ìka mẹ́rin àbọ̀.
Wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ lakólòlò ń pe baba.
Eléyìí pè é, ayùn sì ń gbè é.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, Ìyáàfin Ṣódípẹ̀ dé láti Aláúsá,
fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, bíró pupa lẹ́yìn etí.
Ó wò ó dópin. Ó ní,
"Kí ló dé tí ohùn ń kọsẹ̀ báyìí?
Ṣé ẹ ò tíì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé àṣìṣe kúrò ni?"
Mo lanu.
Mùfútáù ti dìde.
"M-m-m-mo mọ b-bí wọ́n ṣe ń gé e, mà."
Ó pẹ́ kó tó tán.
Kò sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀.

Àwòrán. Ohùn. Ọ̀rọ̀.
Ó máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Bíró náà dúró díẹ̀ lórí àlàfo ìsàlẹ̀, ibi tí wọn ò kọ nǹkan sí.
Ó fẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí ìwé,
ó ní kí ọmọ náà tún un gbé sí i.